Àwọn Méjì Tí Kò Sí Nínú Àwòrán

Alẹ́ ni ìbéèrè náà wọlé, mo ti ń múra àtisùn. Àbúrò mi obìnrin kan tó ń kàwé fún ìdánwò ló fi ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú. Igun tó wà nínú H₂S, dígírì mélòó ni?"

H₂S ni gáàsì tí haidirójìn méjì ti so mọ́ imí-ọjọ́ kan; igun tó wà láàárín ìsopọ̀ méjèèjì ló ń béèrè. Mo rẹ́rìn-ín. Èyí tó rọrùn gan-an ló yàn. Mi ò tiẹ̀ dìde jókòó kí n tó fún un lésì: "104.5. Òun àti omi, ọ̀kan náà ni wọ́n. Imí-ọjọ́ wà lábẹ́ ọ́síjìn gẹ́lẹ́ nínú tábìlì àwọn èròjà. Kàn yọ ọ́síjìn kúrò nínú omi, kí o fi imí-ọjọ́ rọ́pò rẹ̀." Mo sùn bí ẹni tó ṣe oore.

Ilẹ̀ mọ́, mo rí èsì rẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn ya fọ́tò ojú ìwé kan ránṣẹ́ sí mi, ó fi bírò pupa falẹ̀ sábẹ́ nọ́ńbà kan: 92.1°. Ohun tó kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ni: "Ẹ̀gbọ́n, àbí ìwé yìí ló ṣìṣe ni?"

Ìwé ò ṣìṣe. Èmi ni, àṣìṣe ọ̀hún sì ti gbé lára mi fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ kí n fura. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti há nọ́ńbà mẹ́ta sórí: 109.5, 107, 104.5. Mítéènì, amóníà, omi. Ẹni tó kọ́ wa sọ pé tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì (àwọn hóró kékeré tó yí kókó átọ́ọ̀mù ká) bá wà tí kò so mọ́ nǹkan kan, ká yọ 2.5 kúrò, tó bá di méjì lọ́nà méjì, ká tún yọ 2.5 mìíràn. Ó bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu rẹ́gí, ó sì rọrùn láti há. Mo fi yege ìdánwò, mo tún fi kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: pé wọ́n ti wọn igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán kí ẹnì kan tó wá ṣàkíyèsí pé 2.5 lè so wọ́n pọ̀. Ọgbọ́n àìgbàgbé ni, kì í ṣe òfin. Ibi tó bá ti kúrò lórí mẹ́ta yẹn báyìí, kò mọ nǹkan kan mọ́.

Mo padà sí ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Ìtìjú ló gbé mi dé ibẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ ìmọ̀.

Bébà ló kọ́kọ́ tàn wá jẹ. Ní 1916, Gilbert Lewis, ará Amẹ́ríkà, sọ ohun kan tó yí kẹ́mísírì padà: pé ohun tó ń so átọ́ọ̀mù méjì pọ̀ ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Ó ya átọ́ọ̀mù bíi lẹ́tà, ó sì fi àmì tó-tò-tó, tó dúró fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, yí i ká ní méjì-méjì. A ṣì ń yà á bẹ́ẹ̀ dòní. Ó wúlò, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n bébà tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí mo bá ya mítéènì, C, ìyẹn kábọ́ọ̀nù, á wà láàárín, H (haidirójìn) kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. 90° ló wà láàárín wọn lórí bébà. Odidi ọdún kan ni mo fi gbà lọ́kàn mi pé bí mítéènì ṣe rí nìyẹn, bí àgbélébùú.

Bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti fa kábọ́ọ̀nù kúrò lórí bébà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ní 1874, Jacobus van 't Hoff, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó jẹ́ ọmọ ọdún 22, sọ pé ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kábọ́ọ̀nù ń nà sí ṣóńṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ohun olójú mẹ́rin, èyí tí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ onígun mẹ́ta. Le Bel ní ilẹ̀ Faransé dé ibi kan náà lọ́dún yẹn, ọ̀nà tirẹ̀ ló gbà. Hermann Kolbe, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú kẹ́mísírì ní Jámánì, ka ìwé van 't Hoff, inú bí i. Ní 1877 ó kọ ọ́ síta, ó fi í ṣẹ̀sín pé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko ní Utrecht ló ti ń ṣiṣẹ́, àti pé ó dà bíi pé níbẹ̀ ló ti yá ẹṣin abìyẹ́ tó gbé e gun òkè lọ wo bí átọ́ọ̀mù ṣe tò. Mo fẹ́ràn èébú yẹn gan-an. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá rí àgbà tó ń bínú sí ọmọdé nítorí pé ọmọdé lo ojú inú. Ní 1901 tí wọ́n kọ́kọ́ fúnni ní ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì, van 't Hoff ni wọ́n gbé e fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un. Kolbe ti kú nígbà yẹn.

Ní tèmi, bàlúùnù ló yọ mí kúrò lórí bébà. Mo fẹ́ méjì, mo so ọrùn wọn pọ̀. Wọ́n nà gbọọrọ, ìkan kọjú síbí, ìkan kọjú sọ́hùn-ún: 180°. Mo fi ìkẹta kún un, wọ́n tò sórí tábìlì bí igun mẹ́ta, 120° láàárín wọn. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Nígbà tí mo so ìkẹrin mọ́ wọn, mo fọwọ́ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí bí àgbélébùú tí mo ti ń yà látọjọ́ yìí. Rọ́bà wọn ń ké sára wọn lábẹ́ ọwọ́ mi. Bí mo ṣe gbọ́wọ́ kúrò báyìí, ìkan fò sókè, àwọn mẹ́ta yòókù sì ya ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo tún tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ó tún fò sókè. Mo ṣe é tó ìgbà márùn-ún. Ó hàn pé àwọn bàlúùnù yìí mọ ohun tí èmi ò mọ̀: pé tí nǹkan mẹ́rin bá so mọ́ ojú kan, tí kálukú sì ń wá àyè, àgbélébùú kọ́ ni wọ́n ti lè jìnnà síra wọn jù. Ohun olójú mẹ́rin ni, igun àárín wọn sì jẹ́ 109.5°, tàbí ká sọ pé 109.47 fún ẹni tó fẹ́ dá ọ lóhùn ní pàtó.

Gbogbo èrò náà kò ju ìyẹn lọ. Ka iye ẹgbẹ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yí átọ́ọ̀mù àárín ká, ìyẹn ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò so mọ́ nǹkan kan, kí o jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra wọn bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, igun á fi ara rẹ̀ hàn. Sidgwick àti Powell ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní 1940 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1957, Ronald Gillespie àti Ronald Nyholm tún un ṣe, wọ́n fi ohun tó sọ ọ́ di irinṣẹ́ kún un: pé àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kì í ti ara wọn bákan náà. Orúkọ tí ìwé ń pè é ni VSEPR, ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta ṣe ń ti ara wọn ní méjì-méjì, àwọn olùkọ́ sì máa ń kà á bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ni.

Kí ni kì í jẹ́ kí wọ́n ti ara wọn bákan náà? Ibí yìí lọ́rọ̀ ti dùn.

Wo amóníà, NH₃. Naitirójìn ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù márùn-ún lóde. Ó fi mẹ́ta ṣe àjọlò pẹ̀lú haidirójìn mẹ́ta, méjì ṣẹ́ kù. Àwọn méjì yìí ò so mọ́ ẹnikẹ́ni. Lone pair ni a ń pè wọ́n ní kíláàsì. Èmi máa ń pè wọ́n ní méjì adádúró. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, nítorí náà ohun olójú mẹ́rin náà ni wọ́n máa tò sí, bí bàlúùnù mi. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá máa sọ bí mọ́lékù ṣe rí, ibi tí àwọn átọ́ọ̀mù wà nìkan ni wọ́n máa ń sọ, nítorí òun ni ẹ̀rọ máa ń rí kedere. Ṣóńṣó kẹrin, tí kò sí átọ́ọ̀mù lórí rẹ̀, a kì í dárúkọ rẹ̀. A ó ní amóníà dà bí òrùlé onígun mẹ́ta, naitirójìn lókè, haidirójìn mẹ́ta nísàlẹ̀. Ẹni tó bá wo àwòrán náà á ní òfo ló wà lórí naitirójìn. Èké ni. Ibẹ̀ gan-an ni méjì adádúró wà.

Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tó wà nínú ìsopọ̀ ní ọ̀gá méjì: kókó átọ́ọ̀mù kan ń fà wọ́n lápá ọ̀tún, òmíràn ń fà wọ́n lápá òsì. Wọ́n á nà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín àwọn méjèèjì. Méjì adádúró, ẹnì kan ṣoṣo ló ń fà wọ́n. Wọn á sún mọ́ ọn, wọn á sì gbilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó ní bẹ́ẹ̀dì odidi fún ara rẹ̀. Mo padà sídìí bàlúùnù mi, mo tú ọ̀kan, mo fẹ́ ẹ kó tóbi ju àwọn yòókù, mo tún so ó padà. Mẹ́ta tó kù fún ara wọn sí kọ̀rọ̀ kan, ojú lásán ni mo fi rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí amóníà nìyẹn, tí igun rẹ̀ fi wálẹ̀ sí 107°. Omi ní méjì adádúró lọ́nà méjì, ó sì wálẹ̀ sí 104.5°.

Títí débi yìí, kò sí nǹkan tí 2.5 mi ò lè gbé. Ohun tó kọ́kọ́ jẹ́ kí n gbà pé bàlúùnù mi kì í kàn án ṣe eré ọmọdé ni ọmọ ìyá mẹ́ta kan: NO₂⁺, NO₂, NO₂⁻. Naitirójìn kan àti ọ́síjìn méjì ni gbogbo wọn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló fi ìkan ju èkejì lọ. Nínú NO₂⁺, kò sí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù adádúró kankan lórí naitirójìn; ìsopọ̀ sí ọ́síjìn méjì nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì nà gbọọrọ, 180°. Fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sí i, ó di NO₂, gáàsì aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń ta ni nímú. Ó tẹ̀: 134°. Tún fi ọ̀kan sí i, kí ẹni tó dá wà lè ní ìkejì, ó di NO₂⁻, igun rẹ̀ sì já sí 115°.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà mẹ́ta yìí, nítorí mi ò tíì rí ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ yìí ti sọ̀rọ̀ síta tó báyìí. Tí ẹgbẹ́ mẹ́ta bá yí átọ́ọ̀mù kan ká, tí agbára wọn sì dọ́gba, 120° ló yẹ kó wà láàárín wọn. Nínú NO₂, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló wà láyè kẹta, kò lágbára tó ìsopọ̀, àwọn ìsopọ̀ méjèèjì sì rí àyè fẹ̀ kọjá 120 lọ sí 134. Nínú NO₂⁻, àwọn adádúró ti pé méjì, wọ́n wá lágbára ju ìsopọ̀ lọ, wọ́n sì ti àwọn ìsopọ̀ náà wálẹ̀ sí 115. Òsùwọ̀n náà ń lọ sókè sódò lójú wa, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ló ń yí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo pariwo ní yàrá níbi tí mo dá wà.

Ìsopọ̀ oníméjì náà máa ń fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ra díẹ̀, nítorí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin ló kó síbẹ̀. Nínú ethene, gáàsì tí ìsopọ̀ oníméjì so kábọ́ọ̀nù rẹ̀ méjì pọ̀, igun haidirójìn sí haidirójìn lórí kábọ́ọ̀nù kan jẹ́ nǹkan bí 117° dípò 120. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Èyí tó tún yẹ ká wò ni ẹni tí átọ́ọ̀mù àárín so mọ́. NF₃ (naitirójìn kan, fúlóráìnì mẹ́ta) àti NH₃ ní ẹgbẹ́ mẹ́rin kan náà, méjì adádúró kan náà. Ẹni tó ń yọ 2.5 á sọ pé 107 ni àwọn méjèèjì. NF₃ jẹ́ nǹkan bí 102°. Fúlóráìnì ló fà á. Kò sí èròjà tó ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀ tó o. Ó fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àjọlò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ naitirójìn lọ sọ́dọ̀ tirẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fún ara wọn tẹ́lẹ̀ wá ṣófo, méjì adádúró sì gbilẹ̀ sínú àyè náà. Ohun kan náà ló jẹ́ kí NF₃ má fi bẹ́ẹ̀ ní apá tó wúwo lẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ju apá kejì lọ. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kò ju 0.23 debye lọ (debye ni wọ́n fi ń wọn irú àìdọ́gba yìí), nígbà tí ti amóníà jẹ́ 1.47. Fúlóráìnì mẹ́ta ń fà sápá kan, méjì adádúró ń fà sápá kejì, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́.

Mo ti dé ọ̀dọ̀ H₂S wàyí, èyí tó gbé mi délé ìtìjú.

Ẹ wo ohun tí mo sọ fún àbúrò mi: pé ká kàn yọ ọ́síjìn, ká fi imí-ọjọ́ rọ́pò. Àfi bíi pé bí wọ́n ṣe tóbi tó ò já mọ́ nǹkan kan. Nínú omi, láti ọ́síjìn dé haidirójìn jẹ́ 0.96 angstrom, òṣùwọ̀n gígùn tín-ín-tín tí wọ́n fi ń wọn átọ́ọ̀mù. Nínú H₂S, 1.34 ni. Ọ́síjìn lágbára láti fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, 3.44 lórí òṣùwọ̀n Pauling, haidirójìn sì jẹ́ 2.20, nítorí náà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àjọlò ń sún mọ́ ọ́síjìn, wọ́n ń fún ara wọn lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń ti ara wọn padà. Imí-ọjọ́ jẹ́ 2.58, kò ju haidirójìn lọ púpọ̀. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àjọlò rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, wọn ò sì fún ara wọn. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń bá méjì adádúró du àyè, wọ́n gbilẹ̀ títí wọ́n fi tẹ ìsopọ̀ méjèèjì wálẹ̀ sí 92.1°. Fọ́sífíìnì, PH₃, tó yẹ kó jọ amóníà, ṣe bẹ́ẹ̀ náà: 93.5°, kì í ṣe 107. Ní ìlà kẹta tábìlì náà, òwò 2.5 ti wó.

Àmọ́ ìtàn mìíràn wà tó ń ṣàlàyé nọ́ńbà kan náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ jù, nítorí ó sọ ibi tí igun máa dúró sí. Nínú átọ́ọ̀mù, ilé tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta ń gbé pín sí oríṣi méjì: s, tó rí bí bọ́ọ̀lù, àti p mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọjú síbi tirẹ̀ ní 90° síra wọn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà nínú s ni kókó átọ́ọ̀mù ń dì mú jù. Nínú imí-ọjọ́, s kò fẹ́ kúrò nílé rẹ̀ láti wá dara pọ̀ mọ́ p. Ọ̀dọ̀ àwọn adádúró ló ń gbé lọ́pọ̀lọpọ̀. Ohun tó wá ṣẹ́ kù fún ìsopọ̀ ni p, p sì ti ń kọjú síra wọn ní 90 tẹ́lẹ̀. Nítorí náà 92 kì í ṣe ibi tí wọ́n tì í dé kó tó rẹ̀ wọ́n. Ibi tí ìsopọ̀ máa ń fẹ́ wà nìyẹn tí ohunkóhun ò bá fún un. Èyí tó ń béèrè àlàyé ni 104.5 ti omi.

Ó yẹ kí n tú àṣírí bàlúùnù mi náà. Mo sọ pé àwọn ẹgbẹ́ ń ti ara wọn, bí ohun tí iná wọn jọ jẹ́ irú kan náà ṣe máa ń ti ara rẹ̀. Ó ní ipa tó ń kó, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni baba ọ̀rọ̀. Wolfgang Pauli, onímọ̀ físíìsì, ló ti gbé òfin rẹ̀ kalẹ̀ ní 1925: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tí wọ́n ń yí sápá kan náà kò lè jọ gba ibì kan náà. Ìyẹn ló pín wọn sí méjì-méjì, òun náà ló jẹ́ kí méjì kọ̀ọ̀kan ní àgbègbè tirẹ̀. Ohun mìíràn tún ni pé etí ehoro méjì tí ìwé máa ń yà sórí ọ́síjìn omi, bíi pé àwọn adádúró méjèèjì jẹ́ ìbejì tó jọra, àwòrán ìrọ̀rùn ni. Nígbà tí wọ́n bá fi ìmọ́lẹ̀ lé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde nínú omi, agbára tí wọ́n nílò fún méjì ìkíní kọ́ ni wọ́n nílò fún èkejì. Mi ò tìtorí ìyẹn sọ bàlúùnù nù. Mo kàn dẹ́kun fífi wọ́n búra.

Nígbà míì, ẹni tó tóbi ni ẹni tó so mọ́ ọ. Cl₂O ní ọ́síjìn láàárín, méjì adádúró lọ́nà méjì, gẹ́gẹ́ bí omi. Igun rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 111°, ó tiẹ̀ ju ti mítéènì lọ! Kílóráìnì méjèèjì sanra, wọn ò fẹ́ kí wọ́n fún wọn mọ́ra. Nínú OF₂, tí fúlóráìnì kéré, tó sì ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ, ó jẹ́ 103°. Ọ́síjìn kan náà, adádúró kan náà.

Xenon ni mo fi ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rìn-ín. Gáàsì tí wọ́n ní kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe, títí Neil Bartlett fi mú un ṣe ìsopọ̀ ní 1962. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló yí xenon ká nínú XeF₄, fúlóráìnì mẹ́rin, méjì adádúró lọ́nà méjì. Àwọn adádúró kọjú síra wọn, ìkan lókè, ìkan nísàlẹ̀, kí wọ́n lè jìnnà síra wọn pátápátá. Fúlóráìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá tò yíká àárín wọn bí àgbélébùú, 90° gẹ́lẹ́. Àgbélébùú tí mo ti ń yà fún mítéènì wà láyé lóòótọ́, mi ò kàn mọ ẹni tó ni ín ni.

Ẹnì kan bi mí rí pé kí ni ìwúlò dígírì méjì-mẹ́ta tí a ń jà lé lórí. Mo fi omi dá a lóhùn. Kábọ́ọ̀nù inú CO₂ kò ní adádúró, nítorí náà ó nà gbọọrọ, ọ́síjìn ọ̀tún àti ti òsì sì pa fífà ara wọn rẹ́. Omi tẹ̀, nítorí náà apá kan rẹ̀ ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ju apá kejì lọ, 1.85 debye. Òun ló ń jẹ́ kí mọ́lékù omi dì mọ́ra wọn, kó tú iyọ̀, kó pẹ́ kó tó hó. Ká ní omi nà gbọọrọ ni, kì bá sí ẹni tó máa jókòó kọ èyí.

Kò sẹ́ni tó fi irinṣẹ́ inú àpótí ìṣirò ọmọ ilé ìwé wọn igun wọ̀nyí o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn gáàsì yìí, bí wọ́n ṣe ń yí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: wọ́n á fi ìgbì máíkírówéèfù lé wọn lórí, wọ́n á wo èwo ni wọ́n gbé mì, wọ́n á sì ṣírò padà sí ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní láti wà kí mọ́lékù tó lè yí bẹ́ẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà gígùn kan sí àbúrò mi lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó máà bínú, mo ṣàlàyé s àti p, mo ya fọ́tò bàlúùnù mi ránṣẹ́ sí i. Ìkan ti bẹ́ kí n tó ya á, nítorí náà mẹ́ta ló wà nínú fọ́tò. Mo sọ fún un pé tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí i nínú òpó kan náà, H₂Se, tí selenium gba ipò imí-ọjọ́ nínú rẹ̀, jẹ́ 91°.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì. "Ẹ̀gbọ́n, tí tellurium bá wá ńkọ́? Ẹ má tíì wò ó nínú ìwé o. Ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ sọ."

Tellurium ló tẹ̀ lé selenium nínú òpó náà. Mo ní kó máa wí.

"Ó máa tún sún mọ́ 90 sí i, àmọ́ kò ní gba ibẹ̀ kọjá."

Mo ṣí ìwé. Ó ju 90 lọ díẹ̀ báyìí.